Kùkùté Tí Ó Di Abídèmí Lẹ́sẹ̀ Mú

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìbínú lọ. Ẹ padà. Mo gbọ́ ìkíni yín, etí mi kò di. Ẹ kí mi kú iṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ tún kí mi nígbà tí ẹ sún mọ́ ibí, èmi sì ń walẹ̀ ìdí kùkùté mi lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ló fẹ́. Mo sì gbọ́ ohun tí ìwọ onífìlà pupa yẹn ń kùn, pé ọdẹ àgbà yìí ti di agbéraga. Ọmọ mi, o ò tíì rí ìgbéraga. Èmi tí ò ń wò yìí ni mo dúró de ẹfọ̀n tí gbogbo ọdẹ Òkè-Arè torí rẹ̀ gun igi. Èmi ni mo sùn sínú ihò òòrẹ̀ títí òòrẹ̀ fi kó jáde fún mi. Bí mo bá fẹ́ gbéraga, ìwọ kọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ti kùkùté yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, a kì í dáhùn ẹ kú iṣẹ́ nídìí kùkùté, ó sì nídìí. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa ń bẹ̀rù ọ̀sán, kó tètè sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Arè yìí nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ tó báyìí. Ọdẹ́gbèmí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Àkànó ni oríkì rẹ̀, Àkànó náà sì ni n ó máa pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó fi ń yangàn: àdá pípọ́n. Bàbá rẹ̀ fi òkúta dúdú kan sílẹ̀ fún un, òkúta náà sì ti di kòtò láàárín nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí Àkànó bá ti ta omi sí i lórí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa irin lọ fa irin bọ̀, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfi Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀.

Àwẹ̀ró kì í ṣe irú obìnrin tó ń pe ọkọ ní olówó orí mi. Oríkì rẹ̀ ló ń pè é, ó sì fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àdá náà tilẹ̀ mú tó èyí tó lè fá irun orí ọmọ tuntun, bí Àwẹ̀ró bá ti ń kọjá lọ, yóò ní, “Àkànó, àdá yẹn ò mú.” Ọkọ á ní, “Ó mú!” Ìyàwó á ní, “Kò mú o.” Wọn á wá jọ bú sẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sú wọn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró lóyún, ó ra ọ̀já aláró kan sílẹ̀ tí yóò fi pọn ọmọ. Inú igbó ọdẹ ni Àkànó wà nígbà tí ọmọ dé. Ìgbà tó fi máa wọlé pẹ̀lú ẹran léjìká, wọ́n ti wẹ ọmọ, wọ́n sì ti sin ìyá. Nítorí pé bàbá kò sí nílé, wọ́n sọ ọmọ náà ní Abídèmí. Àkànó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ ẹran kalẹ̀. Ikú náà dùn ún, ṣùgbọ́n pé òun kò sí níbẹ̀, òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, èyí ló dùn ún jù. Ìyá tó bí Àwẹ̀ró, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló gba ọmọ náà tọ́.

Abídèmí dàgbà di ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, eré ni yóò sá lọ, eré ni yóò sá bọ̀. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá, gbogbo ilé ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín náà dákẹ́. Ọmọ náà dúró sójú kan, ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ dì mí lẹ́sẹ̀ mú.”

Àkànó sáré jáde. Kùkùté kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, níbi tí igi kankan kò hù sí rí. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e tutù bí ẹni pé àná ni wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti hewú. Ó fa ọmọ títí ilẹ̀ fi jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé, ọmọ náà sì wúwo bí igi tútù. Nígbà tí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ìka ti le, awọ ara wọn ti di èèpo igi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti gun ọrùn-ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti mú ojúgun. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Bó bá fi lè dé àyà, ó parí.

Àwọn aládùúgbò kó àáké wá bá kùkùté náà. Àáké wọlé níhìn-ín, ó jáde lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gé èéfín. Àkànó nawọ́ kó mì í, ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Èyí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ kí wọ́n tó mì í.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà pe àna rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Àkànó, nǹkan kan wà tí Àwẹ̀ró sọ fún mi. Nígbà tí oyún yìí wà nínú rẹ̀, ó ń ti oko bọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá jókòó sórí kùkùté kan létí Igbó Àìlójìji. Ẹnìkan tí kò rí kí i, ó ní, ẹ kú ìsinmi o. Àwẹ̀ró ní, ẹ ṣé o. Ohùn náà bá rẹ́rìn-ín, ó ní, a ti jọ pín in.”

“Ìyá, ẹ ò sì sọ fún mi!”

“Kí ni ǹ bá sọ? Ìgbà tí o fi dé, mo ti sin ọmọ mi. Mo rò pé òun náà ni wọ́n ti mú.”

Àkànó wá mọ̀ pé èyí tó wà ní àgbàlá kì í ṣe kùkùté, òjìji rẹ̀ ni, kùkùté gan-an wà lọ́hùn-ún. Ó kó àáké, àdá àti ọkọ́, ó sọ òkúta dúdú sínú àpò, ó gbé akèrègbè kọ́ èjìká. Ọ̀já aláró tí kò gbé ọmọ rí, ó fi gba ìbàdí. Abídèmí gbójú sókè lórí ẹní, ó ní, “Bàbá, ṣé ilẹ̀ ń jẹ mí ni?”

“Rárá o,” bàbá rẹ̀ wí. “Ó yá ọ lẹ́sẹ̀ ni. Mò ń lọ gbà á.”

Ẹ sún mọ́ra. Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹ má sì rò pé ojú ló ń tì í. Nínú Igbó Àìlójìji, ọ̀sán kì í kọjá. Oòrùn dúró látàrí, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Igi ibẹ̀ kò ní òjìji, ewé kò ní, ẹyẹ sì ń fò láìsí ìró apá. Àkànó wo ilẹ̀, kò rí tirẹ̀ náà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí òjìji rẹ̀ tó jókòó sétí igbó bí ajá tó kọ̀ tí kò wọlé, ó ń wò ó lọ. Onífìlà pupa, kí lò ń wá nílẹ̀? Tìrẹ ṣì wà níbẹ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Inú ihò tí àkókó gbẹ́ sí wọn lára ni ohùn ti ń jáde, ohùn gbígbẹ. Wọ́n ní, “Ọdẹ, ta lo kó dání yẹn?”

Ó ní, “Àáké ni, àti àdá, àti ọkọ́.”

“A ò bi ọ́ léèrè irin. Ọmọ wa tí o so mọ́ irin là ń bèèrè.”

Èèkù ni wọ́n ń wí. Kí Àkànó tó fèsì, ẹ̀ka ti gbá a nídìí mú, ó ti gbé e kúrò nílẹ̀. Ó ta ẹsẹ̀, ó gé ẹ̀ka, òmíràn sọ̀kalẹ̀. Ó gé ìyẹn, àwọn tó kù nà wá láti ẹ̀yìn, wọ́n fún un láyà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Bó bá ṣe èmi ni, ǹ bá ti fa igi méjì tu níbẹ̀ kí n tó mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, igi kan. Ṣùgbọ́n Àkànó rántí pé igi wọ̀nyí kọ́ lòun wá bá jà. Ó pariwo pé, “Ẹ gba ọmọ yín, ẹ fi irin mi sílẹ̀!” Ni wọ́n bá rọra fa èèkù yọ lára àáké, lára àdá, lára ọkọ́, wọ́n ń kùn sí wọn bí ìyá ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún, wọ́n sì sọ Àkànó sílẹ̀ pẹ̀lú irin lásán. Irin àáké kò wúlò mọ́ láìsí igi, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó di ìrù àdá mú níbi tí èèkù ti yọ, ó kó ojú ọkọ́ sápò, ó ń lọ.

Ó dé etí odò kan. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń fọ gbòǹgbò igi bí ẹni ń fọ aṣọ, ó ń sá wọn sórí òkúta. Àkànó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.” Ìyá kò dáhùn. Ó yíjú sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rondo, ó na ìka sí i. Ó wá tu omi jáde, ó ní, “O rí i? Omi ló wà lẹ́nu mi. Ṣé o bínú?”

“Èmi kẹ̀? Ta ni yóò bínú sí ẹni tó lómi lẹ́nu?”

“Rántí ohun tí o sọ yẹn. Kí ló kú lókè, tó ń jẹun nísàlẹ̀?”

“Kùkùté ni, ìyá.”

“Kí ni èèyàn ń fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ, tí àpò rẹ̀ kì í fi í dín?”

Àkànó ronú, ó ní, “Ìkíni ni.”

“Ní ilẹ̀ tiyín ni kì í dín,” ìyá wí. “Ní ibi tí ò ń lọ, ó ń dín. Àwọn ará ibẹ̀ yóò kí ọ kú iṣẹ́. Ẹni tí o bá dá lóhùn ti di alábàápín rẹ, yóò sì mú ìdajì ohun tó bá wà nílẹ̀. Alábàápín kan ṣoṣo ló lè wà nídìí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí ọ, tí ẹnu rẹ ṣófo, tí o kò dáhùn, o ti tàbùkù wọn. Wọn yóò gbìn ọ́ síbẹ̀. Gbogbo kùkùté tí o bá rí lọ́hùn-ún, èèyàn tí kò dáhùn ni.”

“Bí mo bá dáhùn, mo gbé. Bí n kò bá dáhùn, mo gbé. Ìyá, kí wá ni kí n ṣe?”

“Bu omi sẹ́nu. Ẹnu tó kún ní àwáwí.”

Àkànó ti akèrègbè bọ odò, omi náà la ìdí akèrègbè kọjá bí ẹni pé kò nídìí. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní omi ibẹ̀ kì í gbé inú ohun èlò, ẹnu nìkan ló ń gbé. Àkànó bu ẹ̀kún ẹnu kan, ó forí balẹ̀ fún ìyá, ó kọjá. Ó ti ń ṣe ìṣirò nínú ọkàn rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ irin mọ̀ pé òkúta gbígbẹ kì í pọ́n àdá, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Omi àwáwí yìí náà ni omi ìpọ́nàdá.

Ibi tó dé lẹ́yìn odò kò ní ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀nà. Kùkùté ló kún ibẹ̀ lọ súà. Òmíràn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́, òmíràn yọ èjìká, òmíràn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó gbọ́ ìpè. Láàárín wọn ni èyí tó ń wá wà, ó fẹ̀ tó àga ìjókòó. Ojú ẹsẹ̀ ọmọdé méjì wà lórí rẹ̀, wọ́n rì sínú igi bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, ìka márùn-ún níhìn-ín, ìka márùn-ún lọ́hùn-ún. Àkànó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹkún fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kún.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kì í bá kùkùté jà láti orí, ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ojú ọkọ́ há ilẹ̀ yí i ká títí gbòǹgbò fi yọ, ó fi ọwọ́ nù iyanrìn kúrò lára wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iyanrìn ló ń pa àdá lẹ́nu. Ó wá ń gé wọn, ó ń gé ẹ̀ẹ̀mejì lára ọ̀kan kí àlàfo lè wà láàárín, kí wọ́n má ṣe pàdé mọ́. Omi tó ń jáde lójú wọn gbóná. Bí àdá bá ti kú, á gbé òkúta lé itan, á jẹ́ kí omi díẹ̀ sẹ̀ láti ètè rẹ̀ sórí òkúta, á pọ́n ọn, á tún bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o!” ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn náà dùn, ó ní ọ̀yàyà, ohùn aládùúgbò gidi ni. Àkànó sì ní, “Ọ̀ọ̀, ẹ ṣé o!”

Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ohun tí wọ́n ti ń gbá wa létí lé lórí láti kékeré! Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, ẹnu rẹ̀ kì í dúró de òun kó tó dá ìkíni padà. Omi ti ṣàn sáyà Àkànó kó tó mọ ohun tó ṣe. Ó bojú wẹ̀yìn. Aṣọ ló dúró síbẹ̀, agbádá àti fìlà, kò sí ojú láàárín wọn. Aṣọ náà ní, “A ti jọ pín in,” ó yí padà, ó lọ. Bó ṣe ń lọ ni ìdajì gbòǹgbò tí Àkànó ti gé ń wọ́ bí ekòló, wọ́n wá ara wọn kiri, wọ́n so pọ̀. Ojú ẹsẹ̀ méjì orí kùkùté sì tún rì sí i. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n níbí, ẹnu rẹ̀ ni agbè, odò ti jìn sẹ́yìn, ọmọ sì ń di igi nílé.

Ó pa ètè dé mọ́ èyí tó kù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dé. Ẹnìkan kí i lóhùn bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ẹnìkan kí i bí ọba ìlú. Ọ̀wọ́ àwọn ọmọdé kan kí i lẹ́ẹ̀kan náà, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” nígbà tó sì yíjú, aṣọ kéékèèké ló ń fò sókè fò sílẹ̀ nínú oòrùn, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kí i, á na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, á mi orí. Wọn á pòṣé, wọn á kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti rin ọ̀já aláró gbingbin. Gbogbo gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ tán, ó wá ku èyí tó wà láàárín, tó rọ̀ lọ tààrà sínú ilẹ̀, tó ki tó itan àgbàlagbà.

Àdá kàn án, ó yọ̀. Ó ti kú pátápátá. Omi ẹnu Àkànó kò ju ẹ̀kán kan lọ mọ́. Bó bá fi í sẹ́nu, àdá ò ní gé. Bó bá fi pọ́n àdá, ẹnu rẹ̀ yóò ṣófo. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́ fún yín. Ó wá rántí ọmọ tó ń bèèrè bóyá ilẹ̀ ń jẹ òun. Ó tẹ orí ba, ó jẹ́ kí ẹ̀kán omi náà bọ́ sórí òkúta. Ó ń fa irin lọ, ó ń fa irin bọ̀, kò sí ìró mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ náà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, olówó orí mi.”

Ohùn Àwẹ̀ró ni. Àkànó yíjú. Aṣọ ìró rẹ̀ ló dúró nínú oòrùn yẹn, ìró tó máa ń ró lọ sí oko, agbọ̀n lórí rẹ̀, gíga rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú nìkan ni kò sí. “Ẹ ò dá mi lóhùn ni?” ohùn náà wí. Láti ọjọ́ tí Àkànó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹran léjìká, ohùn yìí ló ti fẹ́ gbọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó wo ilẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọlẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ yà, ahọ́n rẹ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n olówó orí mi? Ta ló kọ́ Àwẹ̀ró níyẹn?

Ìgbà náà ni ohùn kan jáde lábẹ́ gbòǹgbò, láti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rẹlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Àkànó, àdá yẹn ò mú.”

Ẹ̀rín já lẹ́nu Àkànó pẹ̀lú omijé. Ó mọ òfin, ó mọ̀ pé ìdajì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ó pariwo, “Ó mú!”

“Kò mú o.”

“Àwẹ̀ró, ó mú!”

Ohun tó dúró nínú ìró bú sígbe, ìró náà ṣubú lófìfo, agbọ̀n yí lulẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ kùkùté kan dé òmíràn ni wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé, iṣẹ́ ti ní alábàápín, iṣẹ́ ti ní alábàápín. Ẹsẹ̀ Àkànó yọ nílẹ̀. Àwẹ̀ró ní, “Gé e níbi tí mo fọwọ́ sí.” Ó gé e níbẹ̀. Bó ṣe ń gé láti òkè ni ẹnìkan ń tì í láti ìsàlẹ̀, gbòǹgbò náà ké, kùkùté gbọ̀n, ó dìde, ó dojú dé. Nínú ihò tó ṣí sílẹ̀, Àkànó rí ọwọ́ kan, ẹ̀gbà idẹ tí òun fúnra rẹ̀ rà wà lọ́rùn ọwọ́ náà. Ó dà bò ó, ó dì í mú.

“Jáde wá ká lọ sílé.”

“Ẹni tí wọ́n ti sin kì í lọ sílé, Àkànó. Pín in fún mi. Òfin ni.”

“Àwẹ̀ró, ọmọ yẹn fẹ́ràn eré sísá.”

“Mo mọ̀. Lórí mi ló ń sá a lójoojúmọ́, mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e rí. Fún mi ní ẹsẹ̀ kan kí n máa gbé.”

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Àkànó yí kùkùté náà dúró, ó sọ àdá sí àárín ojú ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó là pẹrẹ. Àdá náà mú. Ó tú ọ̀já aláró ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi wé ti òsì bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó gbé e lé ọwọ́ tó wà nínú ihò. Ọwọ́ náà gbà á, ó pa á mọ́ra, ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ilẹ̀ sì pa dé lé e lórí. Àkànó jókòó síbẹ̀ títí omijé rẹ̀ fi tán, ó wá gbé ìdajì tirẹ̀ lé èjìká, ó gba ọ̀nà ilé. Létí igbó, òjìji rẹ̀ dìde, ó tẹ̀ lé e.

Kùkùté ti kúrò ní àgbàlá nígbà tó dé. Abídèmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ògiri mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti dára ṣáká. Ti òsì, láti ọrùn-ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, le, ó tutù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí ayé rẹ̀. Kò sáré mọ́, ó ń tiro ni. Àfi ní ọ̀sán gangan. Bí oòrùn bá ti dúró látàrí, ẹsẹ̀ òsì náà a máa móoru, ọmọ náà á na án síwájú, á sì jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi kọjá. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe, á ní, “Màmá mi ló gbé e lé itan.”

Onífìlà pupa, ṣé ó ti yé ọ? Abídèmí ni ìyá tó bí mi lọ́mọ. Obìnrin tó ń tiro tí ẹ máa ń bá lágbàlá yìí nígbà ayé rẹ̀, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ọdẹ, òun ni. Ọwọ́ Àkànó bàbá rẹ̀ ni mo ti kọ́ àdá pípọ́n, òkúta dúdú rẹ̀ rèé níwájú yín. Kò sí ọjọ́ tí mo ń pọ́n àdá tí ìyá mi kò ní tiro kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó ní, “Àdá yẹn ò mú.” Èmi tí mo lé òòrẹ̀ jáde nínú ihò, n kò rí èsì kan fún un rí ju pé, “Ó mú, ìyá.” Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, èmi ni mo di ẹsẹ̀ òsì yẹn mú. Bí ara rẹ̀ tó kù ṣe ń tutù lọ, òun nìkan ló ń móoru.

Nítorí náà ẹ má bínú pé n kò dáhùn. Kùkùté yìí kò dí mi lọ́wọ́ rárá, ó lè wà níbẹ̀ títí. Etí ni mo ń fi sílẹ̀ de ohùn kan lábẹ́ ilẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń walẹ̀ ìdí rẹ̀, tí mo ń pọ́n, tí mo ń gé, èèyàn púpọ̀ ló sì ti kọjá tí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Ẹnì kan kò tíì sọ fún mi pé àdá mi ò mú.